Ẹ̀rọ Tí A Pè Ní Orogún

Ọjọ́bọ̀, 5 Júláì 1984

Wọ́n ṣí àwọn àpótí ẹ̀rọ tuntun náà lónìí. Òjò ti ń rọ̀ láti ìdájí, iwájú ilé-iṣẹ́ agolo wa ti di ẹrẹ̀, ọkọ̀ tó kó wọn wá láti èbúté sì rì sínú rẹ̀ títí táyà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bò. Gbogbo ọkùnrin tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ló jáde lọ tì í. Àwa obìnrin dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú fọ́ọ̀kì tí a fi ń kó agolo lọ́wọ́ wa, à ń wòran.

Mo rí ọkọ mi láàrin wọn. Lásúnkànmí ti bọ́ bàtà, ó ti ká ṣòkòtò dé orúnkún, ariwo rẹ̀ ju ti awakọ̀ lọ. Inú rẹ̀ dùn bí ọmọ tí wọ́n ra aṣọ ọdún fún.

Nígbà tí òyìnbó tó bá ẹ̀rọ náà wá fi irin tú ìdérí àpótí àkọ́kọ́, ṣéènì gígùn kan la rí, tí wọ́n ká jọ bí ejò, pẹ̀lú àwọn irin òòfà pẹlẹbẹ tí yóò máa fa agolo mọ́ra. Bẹ́líìtì ló wà nínú ìkejì. Nínú èyí tó tóbi jù, apá irin kan, ó gùn ju ènìyàn lọ. Fẹ̀hìntọlá, tó dàgbà jù nínú wa, béèrè pé kí ni apá yẹn wà fún. Ọ̀gá Afọláyan, mánéjà wa, ló dá a lóhùn.

"Ohun tí ẹ̀ ń fi ọwọ́ ṣe ni, Màmá. Yóò máa gbá agolo jọ ní ìlà-ìlà, yóò sì máa tò ó sórí pákó."

"Gbogbo rẹ̀, sà?"

"Gbogbo rẹ̀."

Nígbà tó yá Fẹ̀hìntọlá ní, "Ó dáa náà. Wọ́n ti fẹ́ orogún lé wa." A rẹ́rìn-ín. Títí a fi ṣíwọ́, Orogún ni gbogbo wa ń pè é.

Ẹtì, 6 Júláì

Ọkọ mi ni wọ́n fi ti òyìnbó. Àwọn méjèèjì ni yóò to Orogún. Ọ̀gá Afọláyan ní bó bá ṣiṣẹ́ dáadáa níjọ́ tí àwọn ọ̀gá Èkó bá wá wò ó, Lásúnkànmí yóò di fọ́máànù. Ó ra ẹran wálé. Yétúndé bi bàbá rẹ̀ pé ọdún wo là ń ṣe.

Lẹ́yìn oúnjẹ ó fi ṣíbí àti ìdérí ìkòkò hàn wá bí nǹkan ṣe máa rí. Agolo yóò jáde lẹ́nu ẹ̀rọ tí ń fi ìdí sí i, ṣéènì yóò fà á gòkè dé abẹ́ òrùlé, yóò gba orí wa kọjá, yóò sọ̀kalẹ̀ lápá kejì, apá irin yóò sì gbá a sórí pákó. "Láìsí ọwọ́ ènìyàn, Ojúọlá! Kò sí ọwọ́ kankan níbẹ̀!"

Ó gbójú sókè, ó rí mi. Ó rọra kó àwọn ṣíbí jọ.

"Wọ́n á wá iṣẹ́ mìíràn fún yín," ó wí. "Ilé-iṣẹ́ náà tóbi."

Mo ní, "Ẹ ṣé, Bàbá Yétúndé." N kò mọ ohun tí mo ń dúpẹ́ fún.

Ọjọ́rú, 11 Júláì

Òjò. Ilé ń jò níbi tí Yétúndé ń sùn. Mílíìkì ti tún wọ́n sí i lọ́jà Sábó, bẹ́ẹ̀ àwa là ń ṣe agolo rẹ̀. Mo tò fún ọṣẹ títí ẹsẹ̀ mi fi wú, ó tán kó tó kàn mí.

Ajé, 16 Júláì

Òyìnbó ti lọ. A débi iṣẹ́ láàárọ̀, wọ́n ní ó ti wọ ọkọ̀ òfurufú. Àwọn tó rán an wá kò rí owó wọn gbà, ìjọba kò jẹ́ kí owó jáde nílùú. Ìdajì Orogún ti dúró, ìdajì yòókù wà nílẹ̀ lábẹ́ tapólì.

Ọ̀gá Afọláyan pe ọkọ mi sí ọ́fíìsì, ó ní, "Ìwọ ló kù o, Lásúnkànmí."

Nígbà tó dé ilé, kò lè jẹun. Mo bi í pé ṣé yóò lè ṣe é.

"Mo ti wo gbogbo bí ọkùnrin yẹn ṣe ń ṣe é," ó wí. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú mi. "Àwọn wọ̀nyí ti mọ̀ ọ́n. Orí mi ló kù tí yóò bá wọn."

Ẹtì, 20 Júláì

Ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán, Fẹ̀hìntọlá kó gbogbo wa lọ sẹ́yìn ilé-iṣẹ́, lábẹ́ igi ọ̀pẹ. Ó ti gbọ́ lẹ́nu ẹni tí ń tẹ̀wé fún ọ̀gá. Ní ọ̀sẹ̀ tí Orogún bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, gbogbo àwa tí ń fi fọ́ọ̀kì kó agolo yóò lọ sílé. Kò sí iṣẹ́ mìíràn kankan.

Àwọn kan bú sẹ́kún. Àwọn kan ń ṣépè. Fẹ̀hìntọlá kọjú sí mi.

"Ojúọlá, ìwọ lo ń bá a sùn. Bá wa bẹ̀ ẹ́. A ò ní kó má ṣe iṣẹ́ rẹ̀ o. Kó ṣáà rọra ṣe é. Kó di ìparí ọdún, kí àwọn ọmọ ti wọlé ìwé."

Sàdíátù nìkan ni kò sọ nǹkan kan. Ó jókòó sórí gbòǹgbò igi, ó ń fi èékánná yọ ìdọ̀tí lára fọ́ọ̀kì rẹ̀. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ti pa ọkọ rẹ̀ lójú ọ̀nà márosẹ̀, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Mo bá ọkọ mi sọ ọ́ lẹ́yìn tí Yétúndé ti lọ pọnmi. Kò bínú. Ó fara balẹ̀ dá mi lóhùn, ìyẹn ló sì ká mi lára jù.

"Bí n kò bá ṣe é, wọ́n á mú ẹlòmíràn wá láti Èkó. Ẹ̀yin á lọ, èmi náà á lọ. Inú ilé yìí ni àwa mẹ́ta á jókòó sí. Ṣé bó o ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn?"

"Rárá."

"Kí n ṣe é ńkọ́?"

Kò sí èyí tí mo lè wí tí kò ní pa ẹnìkan lára.

Ajé, 23 Júláì

Mo jíṣẹ́ fún wọn. Fẹ̀hìntọlá ní ó ti yé òun. Nígbà tí a fẹ́ jẹun, ó kó abọ́ rẹ̀ lọ sídìí tábìlì kejì.

Àbámẹ́ta, 28 Júláì

Ó gbé agolo lónìí. Ọ̀sán gangan ni, àwa díẹ̀ tí wọ́n ní ká wá fún òfátáìmù ló wà níbẹ̀. Lásúnkànmí tẹ bọ́tìnì, ṣéènì gbọ̀n, ó dúró, ó tún gbọ̀n, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Agolo kan gòkè. Òmíràn tẹ̀ lé e. Wọ́n rọ̀ mọ́ irin òòfà náà, ìdí wọn sókè, ẹnu wọn sílẹ̀, wọ́n ń gba orí wa kọjá, ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé ń tàn lára wọn.

Ọkọ mi yí ojú wá mi kiri. Gírísì ti kun gbogbo iwájú orí rẹ̀. Nígbà tó rí mi, ó rẹ́rìn-ín bó ṣe rẹ́rìn-ín níjọ́ tí a bí Yétúndé.

Mo pàtẹ́wọ́. Èmi nìkan nínú àwọn obìnrin ló pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà mo lọ sí ilé ìyàgbẹ́, mo sunkún.

Ọjọ́bọ̀, 2 Ọ́gọ́ọ̀sì

Àìsàn tí wọ́n bí mọ́ ọmọ Sàdíátù ti tún dé, egungun ń dùn ún. Wọ́n wá pe ìyá rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, mo bá a lọ sílé rẹ̀ ní Ibido, àwa méjèèjì sì pọn ọmọ náà ní àpọ̀ngbà dé ilé ìwòsàn ilé-iṣẹ́. Ọmọ ọdún méje ni, kò wúwo ju ẹrù aṣọ lọ. Ó ń ké láìsí omi lójú. Nọ́ọ̀sì fún un ní abẹ́rẹ́, wọ́n fi omi sí i lára. Káàdì iṣẹ́ ìyá rẹ̀ ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Sàdíátù jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí wọ́n bá gba káàdì yìí lọ́wọ́ mi, ibo ni mo fẹ́ gbé e lọ?"

Mo ní Ọlọ́run ò ní fi í sílẹ̀. Ohun tí ènìyàn máa ń sọ náà ni mo sọ.

Ọjọ́bọ̀, 9 Ọ́gọ́ọ̀sì

Ọ̀la ni àwọn ọ̀gá Èkó ń bọ̀. Wọ́n ti fọ gbogbo ilẹ̀, wọ́n kun ògiri ní funfun dé ibi tí ọwọ́ ènìyàn lè tó.

Nígbà tí gbogbo wa lọ jẹun, mo padà wọlé lọ mú gèlè tí mo gbàgbé sórí tábìlì. Mo rò pé kò sẹ́nìkan níbẹ̀. Sàdíátù wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Orogún, nídìí gíà tí Lásúnkànmí ṣí ìdérí rẹ̀ sílẹ̀ láti fi gírísì sí i. Ó ti ti apá bọ inú rẹ̀ dé ìgúnpá. Nígbà tó fà á jáde, gírísì ló bò ó, kò sì sí nǹkan kan ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Sàdíátù, kí lò ń wá níbẹ̀?"

Ó fò sókè. "Òrùka mi ni, Ẹ̀gbọ́n. Òrùka mi ló bọ́ sí i."

N kò rí òrùka lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ó fi etí ìró nu apá rẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá láìwo ojú mi.

Ó yẹ kí n lọ pe ọkọ mi. Mo rò ó. Mo tilẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà tó lọ sí ibi tó ń jẹun, mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo wé gèlè mi, mo bá ọ̀nà mìíràn jáde. Bóyá òrùka ni lóòótọ́.

Ẹtì, 10 Ọ́gọ́ọ̀sì

Gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́.

Wọ́n dé láàárọ̀, àwọn mẹ́rin, kóòtù ló wà lọ́rùn wọn nínú ooru ẹ̀rọ yìí. Ọ̀gá Afọláyan sọ̀rọ̀ díẹ̀. Lásúnkànmí wọ aṣọ iṣẹ́ tuntun tí mo lọ̀ fún un. Ó tẹ bọ́tìnì. Orogún gbéra, agolo ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀, apá irin gbá ìlà kìíní sórí pákó, ó gbá ìkejì, àwọn àlejò pàtẹ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn bọ ọkọ mi lọ́wọ́.

Ẹnu ìyẹn la wà tí nǹkan kan dún nínú gíà, bí ìgbà tí ajá ń rún eegun. Apá irin náà fò sókè, ó dúró sójú òfurufú, ó ń gbọ̀n. Ṣéènì já. Gbogbo agolo tó wà lábẹ́ òrùlé dà lé wa lórí. Àwọn àlejò ń sá, àwọn obìnrin ń ké. Lásúnkànmí fò sídìí ẹ̀rọ láti pa á, ojú ṣéènì tó já fà á ní apá ya.

Ó pa á. Agolo kan ṣì ń yí lọ lórí ilẹ̀, kò sẹ́ni tó dá a dúró.

Mo wo Sàdíátù. Ó ti fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú.

Àbámẹ́ta, 11 Ọ́gọ́ọ̀sì

Wọ́n tú gíà náà. Bóòtù kan ló wà nínú rẹ̀, ó ti rún gbogbo eyín gíà. Ọ̀gá Afọláyan gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó bi ọkọ mi pé irú bóòtù wo nìyí.

Lásúnkànmí fúnra rẹ̀ ló dáhùn. "Tiwa ni, sà. Irú èyí tí mo fi ń de ìdérí gíà ni. Inú àpótí irinṣẹ́ mi ló ti wá."

Kò sí gíà mìíràn ní Nàìjíríà. Bí a bá máa ra òmíràn, ìwé àṣẹ láti kó ọjà wọ̀lú ló gbà, kò sì sẹ́ni tí ìjọba ń fún.

Ajé, 13 Ọ́gọ́ọ̀sì

Wọ́n ní kó lọ jókòó sílé. Àìbìkítà ni wọ́n kọ sílẹ̀.

Mo ti múra pé yóò bínú, yóò pariwo. Ó bọ́ aṣọ iṣẹ́, ó ká a dáadáa, ó ní, "Wọn kò parọ́ mọ́ mi, Ojúọlá. Bóòtù mi ni."

Ọjọ́bọ̀, 16 Ọ́gọ́ọ̀sì

Láti àárọ̀ ló ti da gbogbo bóòtù rẹ̀ sórí ẹní. Ó ń tún gbogbo ohun tó ṣe ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn ṣe, bí ẹni ń ṣe eré orí ìtàgé. "Mo tú èyí. Mo gbé e síhìn-ín. Mo mú gírísì." Ó dúró. "Àbí mo gbé e lé etí gíà? Àbí mo gbé e sápò?" Yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó yá ó wò mí, omi ń ṣàn lójú rẹ̀. N kò rí ẹkún rẹ̀ rí, kódà nígbà tí ìyá rẹ̀ kú.

"Ojúọlá, n kò rántí. Ọwọ́ mi ń ṣe nǹkan tí èmi kò mọ̀."

Mo la ẹnu. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀. Ohun tó jáde ni, "Ẹ dìde kí ẹ jẹun."

Ọjọ́ Àìkú, 19 Ọ́gọ́ọ̀sì

Kò bá wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní àwọn ènìyàn á máa wo òun.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ padà délé ni Sàdíátù wọlé, ó pọn ọmọ rẹ̀. Bàbá Yétúndé wà lẹ́yìnkùlé. Sàdíátù kúnlẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn.

"Ẹ̀gbọ́n, mo rò pé yóò kàn há ni. Mo rò pé kò ní gbéra lójú wọn, wọ́n á sì padà sí Èkó, a ó tún rí oṣù mélòó kan. N kò mọ̀ pé yóò fọ́. Bí Ọlọ́run ṣe wà, n kò mọ̀ pé wọ́n á dá Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin lẹ́bi. Ọ̀la ni mò ń lọ bá ọ̀gá. Màá jẹ́wọ́."

Ohun tó yẹ kí n fẹ́ gbọ́ nìyẹn. Àmọ́ mo wo orí ọmọ náà tó rọ̀ sí èjìká ìyá rẹ̀, ojú rẹ̀ tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìyeyè. Mo rántí àwọn tí àwọn sójà kó lóṣù tó kọjá ní ilé-iṣẹ́ kan lápá Ìkòròdú, tí wọ́n ní wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ba ẹ̀rọ jẹ́. Títí dòní àwọn ará ilé wọn kò tíì rí wọn.

"Ta ni yóò máa gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ bí wọ́n bá tì ọ́ mọ́lé?"

Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó di ẹsẹ̀ ọmọ náà mú.

"Dákẹ́," mo wí. "Má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni."

Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Kò bẹ̀ mí.

Lásúnkànmí wọlé láti ẹ̀yìnkùlé. Ó rí wọn, ojú rẹ̀ là díẹ̀. Ó bi Sàdíátù pé báwo ni ara ọmọ, ó sì lọ bó ọsàn, ó fún ọmọ náà. Sàdíátù ń sọ pé "Ẹ ṣé, sà, ẹ ṣé, sà," ó ń gbọ̀n. Ọkọ mi rò pé òtútù ló ń mú un. Ó ní kí n fún un ní tíì gbígbóná.

Ọjọ́rú, 22 Ọ́gọ́ọ̀sì

Mo lọ bá Ọ̀gá Afọláyan. Mo fẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún ọkọ mi láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Irùngbọ̀n ti hù ú, ife tíì ti tutù síwájú rẹ̀. Èmi kò rí ẹni tó rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí lórí àga ọlọ́lá.

Mo ní, "Sà, bó bá jẹ́ pé kì í ṣe ọwọ́ ọkọ mi ni bóòtù yẹn ti bọ́ ńkọ́?"

Ó ti ife tíì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ìyá Yétúndé, gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ. Bó bá jẹ́ pé ẹnìkan gbàgbé bóòtù, ọ̀rọ̀ tèmi nìyẹn, mo lè ní kó lọ sílé. Bó bá jẹ́ pé ẹnìkan mọ̀ọ́mọ̀ fi í síbẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tèmi mọ́. Àwọn sójà ló ni ín. Kì í sì í ṣe ẹnìkan náà nìkan ni wọ́n á kó. Ṣé o mọ nǹkan kan ni?"

"Rárá, sà."

"Ó dáa. Máa lọ sẹ́nu iṣẹ́ rẹ."

Ajé, 27 Ọ́gọ́ọ̀sì

Òjò kò rọ̀ mọ́, ooru ti dé. Alàgbà Ọláníyọnu, tó ni ilé ìlagi lójú ọ̀nà Ìkẹ́nnẹ́, wá sílé wa. Ẹni tí ń tọ́jú ẹ̀rọ fún un ti padà sí Gánà, ó ní òun mọ irú iṣẹ́ tí Lásúnkànmí ń ṣe, kó máa bọ̀ lọ́la. Ayọ̀ kún inú mi, mo ti ń gbé ìjókòó fún un.

Ọkọ mi ní, "Ẹ má bínú, sà. N kò lè ṣe é."

"Kí ló dé? Nítorí ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ yẹn? Ta ni kì í ṣe àṣìṣe?"

"Ayùn ni, sà. Ènìyàn ló ń dúró nídìí rẹ̀. Bí mo bá tún gbàgbé nǹkan, ẹ̀mí ni yóò bá a lọ."

Ó na ọwọ́ síwájú ọkùnrin náà bí ẹni ń fi ọgbẹ́ hàn dókítà. Kò sí ọgbẹ́ kankan ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Mo lọ sí ilé ìdáná, mo ń fẹ́ iná tí kò kú, kí n lè rí èéfín di ẹ̀bi omi ojú mi rù.

Ọjọ́rú, 29 Ọ́gọ́ọ̀sì

Kò wẹ̀. Kò sọ̀rọ̀. Yétúndé bi mí pé ṣé bàbá òun ń ṣàìsàn.

Ẹtì, 31 Ọ́gọ́ọ̀sì

Wọ́n ti lé gbogbo wa.

A ti ń rò pé bí Orogún ṣe fọ́, a kúkú ti bọ́. Fẹ̀hìntọlá tilẹ̀ ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi jẹun. Láàárọ̀ yìí Ọ̀gá Afọláyan pe gbogbo ènìyàn jọ. Páànù tí a fi ń ṣe agolo ti tán, kò sì sí ọkọ̀ ojú omi tó ń kó òmíràn bọ̀. Wọ́n máa ti ẹ̀ka agolo pa. Obìnrin, ọkùnrin, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀. Iléyá kò tilẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ kan mọ́.

Ó ka ọ̀rọ̀ náà lórí ìwé, ohùn rẹ̀ já lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní orúkọ òun náà wà níbẹ̀.

Wọ́n gba fọ́ọ̀kì lọ́wọ́ wa lẹ́nu géètì. Wọ́n gba káàdì ilé ìwòsàn. Fẹ̀hìntọlá bojú wẹ̀yìn wo Orogún lábẹ́ tapólì, ó ní, "Orogún kú, ọkọ náà kú." Lọ́tẹ̀ yìí kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Sàdíátù kò sí láàrin wa. Wọ́n ní ó ti kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní Ibido lánàá, ó ti gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ ní abúlé Likosi.

Nítorí káàdì yẹn ni mo ṣe ní kó dákẹ́. Káàdì ti lọ. Iṣẹ́ ti lọ. Kí ni mo wá ń pa mọ́?

Àbámẹ́ta, 1 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mo ti sọ fún un.

Mo rán Yétúndé lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi. Mo jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀, mo sọ gbogbo ohun tí Sàdíátù ṣe. Kò dá mi lẹ́nu. Nígbà tí mo parí, ó ṣí àtẹ́lẹwọ́, ó yí i síwájú, ó yí i sẹ́yìn.

"Kì í ṣe èmi," ó wí.

"Kì í ṣe ẹ̀yin. Ẹ kò gbàgbé nǹkan kan."

Ó mí kanlẹ̀. Mo rò pé ó parí nìyẹn. Mo ti ń dúpẹ́ nínú mi.

"Nígbà wo lo mọ̀?"

"Mo rí i nídìí ẹ̀rọ lọ́sàn-án tó ṣáájú."

"Lọ́sàn-án tó ṣáájú." Ó pa àtẹ́lẹwọ́ náà dé. "Ọmọ rẹ̀ ńkọ́?"

"Wọ́n ti lọ sí Likosi."

"Kò sí nọ́ọ̀sì gidi ní Likosi." Lẹ́yìn náà ló wò mí, ohùn rẹ̀ kò ga rárá. "O rò pé èmi Lásúnkànmí á fa ìyá ọmọ yẹn lé sójà lọ́wọ́?"

"Ẹ̀rù ló bà mí, Bàbá Yétúndé."

"Ẹ̀rù mi?"

N kò lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. N kò lè sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

"Mo sunkún níwájú rẹ. Mo ń ka bóòtù lórí ẹní bíi wèrè. O jókòó síbẹ̀ yẹn, ò ń wò mí, o ní kí n jẹun."

Mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Ó rọra tú ọwọ́ mi kúrò, ìka kan tẹ̀ lé òmíràn, kò le koko mọ́ mi. Ó jáde. Ọ̀nà Ìkẹ́nnẹ́ ló gbà.

Ọjọ́ Àìkú, 2 Sẹ̀tẹ́ńbà

Orí àga ló sùn.

Ọjọ́rú, 5 Sẹ̀tẹ́ńbà

Alàgbà Ọláníyọnu ti gbà á. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lánàá. Àwọn tó gba ibẹ̀ kọjá ní àwọn gbọ́ ohùn rẹ̀ lókè ariwo ayùn, ó ń pa àṣẹ bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ara rẹ̀ ti padà sípò. Ó ń bá Yétúndé ṣeré, ó ń jẹun tí mo bá gbé e síwájú rẹ̀, ó sì ń dúpẹ́ lórí oúnjẹ náà, èyí tí kì í ṣe tẹ́lẹ̀.

Ajé, 10 Sẹ̀tẹ́ńbà

N kò fẹ́ kọ ọ́, àmọ́ n kò lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Láàárọ̀ yìí ó múra iṣẹ́. Mo gbé ẹ̀kọ àti àkàrà fún un, mo kúnlẹ̀, mo kí i. Ó jẹun tán, ó nu ọwọ́, ó dìde.

"Ẹ ṣé gan-an, mà," ó wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ti ilẹ̀kùn tí mo bá jáde."

Ọdún mẹ́tàlá tí mo ti wà nílé rẹ̀, "ìwọ" ni mí, "Ojúọlá" ni mí. Yétúndé bú sẹ́rìn-ín, ó rò pé bàbá òun ń fi mí ṣeré. Ó ní, "Dádì ń pe Mọ́mì ní ẹ! Dádì ń pe Mọ́mì ní mà!"

Kò fi mí ṣeré. Kò sì bínú. Ó sọ ọ́ bí ènìyàn ṣe ń sọ ọ́ fún obìnrin tó bá pàdé lójú ọ̀nà, tí kò mọ̀ rí, tí kò sì fẹ́ ṣẹ̀.

Mo bá ọmọ mi rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ó dàbọ̀ o, sà." Ó lọ.

Mo dìde, mo ti ilẹ̀kùn.